Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ: bí gbogbo agboolé ṣe lè jọ dènà wọn

Tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá mú ẹnì kan nínú agboolé wa n'Ílọrin níbí, ẹ wo ohun tá a máa ń ṣe. Wọ́n á ya ìkòkò kékeré kan sọ́tọ̀ fún un, ọbẹ̀ tí ò níyọ̀ tí ò ládùn, àwa tó kù á máa jẹ tiwa lọ. Bàbá á fara dà á fún ọ̀sẹ̀ kan, tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì ó ti sú u, á yọ́ kẹ́lẹ́ padà sídìí ìkòkò ńlá. Àwa tá à ń jẹ ìkòkò ńlá yẹn náà ńkọ́, ìdílé kan náà la ti wá, oúnjẹ tó ṣe Bàbá náà là ń jẹ, tó bá pẹ́ díẹ̀ wọ́n á tún ní kí wọ́n ya ìkòkò kékeré míì fún ẹlòmíì. Ó ń dùn mí gan-an ni, ìdí tí mo fi kọ èyí nìyẹn. Ìkòkò kan ni kẹ́ ẹ máa sè, kí ìkòkò yẹn sì dáa fún gbogbo ilé, àtẹni tára ẹ̀ ò yá àtẹni tára ẹ̀ yá.

Ẹ̀ka ìṣègùn kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní lifestyle medicine, nǹkan 6 ló dì mú: oúnjẹ, ìrìn àti iṣẹ́ ara, oorun, bí ìrònú ṣe ń rí lọ́kàn èèyàn, ká jìnnà sí sìgá àti ọtí, àti àjọṣe wa pẹ̀lú àwọn èèyàn. Kò ní kẹ́ni tó ń lo oògùn jù ú nù o, ẹni tí wọ́n bá fún lóògùn kó lo oògùn ẹ̀. Àmọ́ ó lágbára ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rò ó lọ. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó èèyàn 3,234 jọ tí ṣúgà wọn ti ń gòkè ṣùgbọ́n tí ò tíì di àtọ̀gbẹ, wọ́n fún àwọn kan ní metformin, ìyẹn oògùn àtọ̀gbẹ kan, wọ́n fún àwọn kan ní oògùn tí ò ní nǹkan kan nínú, àwọn tó kù wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa jẹun, kí wọ́n máa fi ìṣẹ́jú 150 rìn lọ́sẹ̀. Èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2002. Tá a bá fi wọ́n wé àwọn tí ò gba nǹkan gidi, àtọ̀gbẹ fi ìdá 58 nínú 100 dín kù láàárín àwọn tó yí ìjẹun àti ìrìn wọn padà, ti àwọn tó lo oògùn fi 31 dín kù. Láàárín àwọn tó ti pé 60 ọdún sókè tó yí ìjẹun àti ìrìn wọn padà, ó fi 71 dín kù. Ìwúwo tí wọ́n sì ní kí wọ́n dín ò ju ìdá 7 nínú 100 lọ, ẹni tó bá wọn kílò 90, kílò 6 àti díẹ̀ ni. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe nǹkan tápá ò ká.

Ìgbésẹ̀ 1: ẹ jọ mọ nọ́ńbà yín

Ẹ mú Sátidé kan tí gbogbo èèyàn wà nílé, kí gbogbo ẹni tó ti pé ọdún 18 wọn BP, ìyẹn bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe ń ru tó. Ẹ má sọ pé nǹkan kan ò ṣe mí, ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà pariwo, ọ̀pọ̀ ni ò mọ̀ pó wà lára àwọn títí tó fi di rọpárọsẹ̀ tàbí tí kíndìnrín ti ń bàjẹ́. Tẹ́ ẹ bá lè dáwó ra ẹ̀rọ kan fún agboolé, ó dáa, èyí tí wọ́n ń dè mọ́ apá lókè ìgúnpá ni kẹ́ ẹ rà, ẹ fi ti ọrùn ọwọ́ sílẹ̀. Tówó ò bá tíì sí, ibùdó ìlera àdúgbò wà níbẹ̀, kẹ́místì tó ṣeé fọkàn tán náà wà.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n rèé, torí ọ̀pọ̀ nọ́ńbà tó ń já wa láyà, wọn ò wọ̀n ọ́n dáadáa ni. Ẹ kọ́kọ́ lọ tọ̀. Ẹ jókòó sórí àga tẹ́ ẹ lè fẹ̀yìn tì, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, ẹ má gbé ẹsẹ̀ kan lékan, kẹ́ ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú 5, kẹ́nikẹ́ni má bá yín sọ̀rọ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ obì tàbí tó mu kọfí, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹsẹ̀ rìn ti ọjà dé, kó dúró fún 30 ìṣẹ́jú kó tó wọ̀n ọ́n. Ẹ ká ọwọ́ bùbá sókè, ara gan-an ni kí aṣọ ẹ̀rọ yẹn kàn, ẹ gbé apá lé tábìlì kó bá àyà dọ́gba. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ìṣẹ́jú 1 láàárín, kẹ́ ẹ kọ méjèèjì sínú ìwé kan, orúkọ oníkálukú àti déètì ẹ̀.

Tí nọ́ńbà bá wà nísàlẹ̀ 120/80, ó dáa. Tó bá wà láàárín ibẹ̀ sí 139/89, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀, torí ẹ ṣì lè fà á sílẹ̀ láìtíì lo oògùn. 140/90 sókè, tẹ́ ẹ bá rí i lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ lọ rí dókítà. Tó bá lé ní 180/120 tí àyà ń dun èèyàn tàbí tójú ń ṣú, ọ̀sibítù lójú ẹsẹ̀, kò gbọdọ̀ di ọ̀la.

Ṣúgà náà, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ kẹ́nu tó kan nǹkan kan, ó kéré tán kó ti tó wákàtí 8 tẹ́ ẹ jẹun. Ìsàlẹ̀ 100 dáa, 100 sí 125 ń kìlọ̀ fún yín, 126 sókè kẹ́ ẹ tún un ṣe lọ́dọ̀ dókítà kó tó di pé wọ́n ní àtọ̀gbẹ ni. Àwọn ẹ̀rọ kan ń lo nọ́ńbà kékeré, 5.6 dúró fún 100, 7 sì dúró fún 126, ẹ má jẹ́ kó dojú rú mọ́ yín lọ́wọ́.

Ti ikùn ò gba owó rárá. Ẹ fi okùn wọn ara yín láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ gé e, ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, kẹ́ ẹ wá fi yí ikùn ká níbi tí ìdodo wà. Tí okùn yẹn ò bá ká a, ọ̀rá ikùn ti pọ̀ jù, ọ̀rá ikùn yẹn ló sì ń fa àtọ̀gbẹ àti àrùn ọkàn ju ọ̀rá apá àti itan lọ. Àwọn ọmọdé ilé á fẹ́ràn ẹ̀, ẹ jẹ́ káwọn náà wọn tiwọn.

Ìgbésẹ̀ 2: ìkòkò

Ibí ni mo ti máa pẹ́, torí ibẹ̀ niṣẹ́ wà.

Ẹ dúró ti ẹni tó ń se ọbẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, kẹ́ ẹ kàn máa ka iye ìgbà tí iyọ̀ wọ ìkòkò. Ó fi iyọ̀ àti máàgì bọ ẹran. Omi ẹran yẹn ló dà sínú ata. Ó tọ́ ọ wò, ó tún fi máàgì míì sí i àti iyọ̀ díẹ̀. Ẹja gbígbẹ tó jù sí i, wọ́n lè ti fi iyọ̀ sí i kí wọ́n tó gbẹ ẹ́. Ìkòkò gbẹ̀gìrì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, kán-ún ti wọ ibẹ̀ kí ẹ̀wà lè tètè rọ̀, ewédú náà kán-ún ni wọ́n fi ṣe é kó lè yọ̀. Kán-ún yẹn o, sodium tó wà nínú iyọ̀ tó ń gbé BP sókè, òun náà ló wà nínú ẹ̀, àmọ́ torí kò dà bí iyọ̀ lẹ́nu a ò kà á mọ́ iyọ̀. Kọ́bẹ̀ tó dé orí àmàlà, iyọ̀ ti wọlé bí ẹ̀ẹ̀márùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹfà, ẹni tó ń sè é sì lè búra pé iyọ̀ díẹ̀ lòun fi sí i, kò sì parọ́.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí àgbàlagbà má jẹ tó gíráàmù 5 iyọ̀ lójúmọ́, ìyẹn ṣíbí tíì kan tórí ẹ̀ tẹ́jú, iyọ̀ inú búrẹ́dì àti máàgì wà nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ fún ìkòkò. Tẹ́ ẹ bá pín in sí oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mẹta, ó ń lọ bíi gíráàmù kan àbọ̀ fún ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan. Èèyàn 10 ló ń jẹ ìkòkò yẹn, gíráàmù 15 nìyẹn, ṣíbí tíì 3 fún odidi ìkòkò. Iyọ̀ ló sì pọ̀ jù nínú hóró máàgì, torí náà ẹ fi ṣíbí 2 ṣe iyọ̀ kí máàgì kó ìyókù.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe rèé. Ẹ fi àlùbọ́sà, ata, ajó àti atalẹ̀ bọ ẹran láìfi iyọ̀ sí i rárá. Ìparí ọbẹ̀ ni kí iyọ̀ wọlé, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ṣíbí ni kẹ́ ẹ fi bù ú, kì í ṣe ọwọ́. Irú dáa, ẹ fi sí i dáadáa, àmọ́ ẹ bi ìyá tó ń tà á bóyá ó fi iyọ̀ sí i. Ẹ̀wà tẹ́ ẹ máa fi ṣe gbẹ̀gìrì, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ da omi ẹ̀ nù láàárọ̀, á rọ̀ láìsí kán-ún. Ewédú tó bá tutù, tẹ́ ẹ bá fi ìjábẹ̀ já a dáadáa, á fà. Kẹ́ ẹ sì gbé iyọ̀ kúrò lórí tábìlì, ẹni tó bá fẹ́ iyọ̀ kó dìde lọ bù ú ní kíṣìnì, ẹ máa rí i pé ọ̀pọ̀ ò ní dìde.

Ẹ má gé e lulẹ̀ lọ́jọ́ kan o, ìjà ló máa dá sílẹ̀. Ẹ máa dín in díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ahọ́n á mọ́ ọn lára, tó bá yá ọbẹ̀ àtijọ́ gan-an ni wọ́n á máa sọ pé ó ti níyọ̀ jù. Ìyá tàbí ìyàwó tó ń dáná ni ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ má lọ pàṣẹ fún un látorí àga, ẹ jókòó tì í, ẹ ra ṣíbí tíì náà fún un, kẹ́ ẹ sì yìn ín tó bá ṣe é.

Ìgbésẹ̀ 3: abọ́

Ẹ pín abọ́ sí mẹ́rin lójú yín. Ìdá méjì kó jẹ́ ẹ̀fọ́, tẹ̀tẹ̀ ni o, ṣọkọ ni o, ewédú ni o, ilá ni o. Ìdá kan kó jẹ́ ẹ̀wà, ẹja, ẹyin, wàrà tàbí ẹran. Ìdá tó kù ni òkèlè tàbí ìrẹsì. Tiwa, òkèlè ló máa ń gba mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ̀fọ́ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí àlejò. Èmi ò fara mọ́ kí wọ́n máa sọ fún arúgbó ará Ìgbómìnà pé kó má jẹ iyán mọ́ láyé ẹ̀, iyán ò ṣe nǹkan kan, bó ṣe tóbi tó ló ń ṣe é. Ẹ dín in kù, kẹ́ ẹ fi ẹ̀fọ́ dí àyè tó ṣófo.

Èyí tún wà níbẹ̀, mo sì fẹ́ kó yé wa: wíìtì àti èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú kì í ṣe oògùn àtọ̀gbẹ. Wọ́n á ní Bàbá ní ṣúgà, wọ́n á wá ro wíìtì tó tó orí ọmọdé fún un láàárọ̀ àti lálẹ́, wọ́n á tún máa wò ó pé kí ló dé tí ṣúgà ò sọ̀kalẹ̀. Sítáàṣì ni gbogbo òkèlè, kò sí èyí téèyàn lè máa jẹ láìníwọ̀n. Ànàmọ́ tí wọ́n ń kó wá láti Ọ̀fà náà, sísè ló dáa, kì í ṣe díndín, ẹ sè é pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, kẹ́ ẹ má fún ẹnì kan ní odidi abọ́ ànàmọ́ nìkan.

Ẹ̀wà ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fẹ́ràn jù. Mọ́ínmọ́ín, ẹ̀kuru, gbẹ̀gìrì, ẹ̀wà àti ègbo, ó ń fúnni lókun, kì í jẹ́ kí ṣúgà fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń mú kí ikùn yó pẹ́. Wàrà náà, n'Ílọrin tá a wà yìí, àwọn Fúlàní ń gbé e wá láti gáà, ẹ lè fi sí ẹ̀fọ́ dípò ẹran pupa, kẹ́ ẹ má ṣáà dín in sínú òróró.

Mínírà. Ẹ yí ìgò yẹn wò lẹ́yìn, wọ́n kọ iye gíráàmù ṣúgà síbẹ̀. Gíráàmù 4 jẹ́ ṣíbí tíì kan, ẹ pín in, ẹ wo iye ṣíbí tẹ́ ẹ ń gbé mì. Lọ́dún 2022 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í gba ₦10 owó orí lórí lítà kan mínírà aládùn nítorí ọ̀rọ̀ ìlera yìí gan-an. Ìnáwó ló sì ń jẹ́ kó burú n'Ílọrin, wọ́n á ní wàlímọ̀ wà, ìkómọ wà, ìgbéyàwó wà, Sátidé wo ni ò sí. Ẹ mu omi kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ pín ìgò kan sí méjì pẹ̀lú ẹni tẹ́ ẹ jọ jókòó, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ṣe ìnáwó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí omi pọ̀ ju mínírà lọ, ẹ se ṣóbò tí ò ní ṣúgà sílẹ̀ fáwọn àgbà.

Ìgbésẹ̀ 4: ìrìn

Ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, 30 lójúmọ́ fún ọjọ́ 5. Ẹ rìn débi tẹ́ ẹ ṣì lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tẹ́ ò ní lè kọrin, ìyẹn ló tó. Ẹ lè pín in sí 10, 10, 10. Lẹ́yìn ìrun àsùbáà ló dáa jù torí oòrùn Ílọrin ò ṣeé fi ṣeré, tàbí lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, torí ẹni tó bá rìn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, ṣúgà ẹ̀ kì í gòkè tó ti ẹni tó lọ dùbúlẹ̀. Ẹni tó bá ń ti Tanke lọ Post Office, kó sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ márúwá kó tó débẹ̀, kó fẹsẹ̀ rin ìyókù. Àwọn àgbẹ̀ wa lápá Ọmù-Àrán àti Ajàṣẹ́-Ìpo, ẹsẹ̀ wọn ò nílò ẹ̀kọ́ yìí, àwa tá à ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ní Ìpata àti Mándétì láti àárọ̀ dalẹ́ ló nílò ẹ̀.

Ọjọ́ 2 lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ ṣe nǹkan tó ń fún iṣan lágbára, bíi kẹ́ ẹ máa jókòó kẹ́ ẹ máa dìde lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan, lẹ́ẹ̀mẹwàá, kẹ́ ẹ sinmi, kẹ́ ẹ tún un ṣe. Tí àyà bá dunni tàbí tí òòyì bá kọ́ni, ẹ dúró, ẹ lọ rí dókítà.

Ìgbésẹ̀ 5: oorun

Wákàtí 7 ó kéré tán fún àgbàlagbà. Ẹni tí kì í sùn tó, ebi á máa pa á sí i, BP ẹ̀ á máa gòkè. Ẹ gbé fóònù sí yàrá kejì. Ẹni tó bá ń hanrun gan-an, tí èémí ẹ̀ ń dúró láàárín oorun, tó tún ń tòògbé lọ́sàn-án, kó sọ fún dókítà, àìsàn ni.

Ìgbésẹ̀ 6: ìrònú àti èèyàn

A máa ń fo ibí yìí, kò sì yẹ ká máa fò ó. Ìyá kan lè wà ní Ọmù-Àrán tàbí Ọ̀fà, àwọn ọmọ wà l'Ékòó àti ìlú òyìnbó, owó ń wọlé lóṣooṣù, oògùn BP ò wọ́n ọn, òun nìkan ló sì ń jẹun. Ẹni tó ń dá jẹun, búrẹ́dì àti tíì ló máa ń pọ̀ jù, ta ló fẹ́ gún iyán fún ara ẹ̀ nìkan. Ẹ pè é lójoojúmọ́, kẹ́ ẹ bi í pé kí lẹ jẹ, ṣé ẹ ti jáde lónìí, kẹ́ ẹ tó bi í pé ṣé ẹ ti lo oògùn. Ẹ wá ọmọ àdúgbò kan tó máa bá a jẹ oúnjẹ ọ̀sán, owó yẹn ṣe pàtàkì bí owó oògùn.

Ẹgbẹ́ wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ má lọ dá tuntun sílẹ̀. Ẹgbẹ́ àsàlátù tó ń pàdé lọ́jọ́ Sunday, ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, àwọn tẹ́ ẹ jọ ń dá àjọ, ẹ ní kí wọ́n máa wọn BP lẹ́ẹ̀kan lóṣù kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì jọ fẹsẹ̀ rìn lọ sílé lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ owó ilé tàbí ọ̀rọ̀ orogún ń jẹ lọ́kàn, kó rí ẹnì kan sọ ọ́ fún. Ẹni tí ò bá rí oorun sùn mọ́, tí nǹkan ò wù ú jẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì, àdúrà dáa, kó fi dókítà kún un.

Ìgbésẹ̀ 7: ohun tó ń wọlé láìjẹ́ oúnjẹ

Sìgá, shisha, aṣáà, ẹ jáwọ́. Ọtí àti páràgà inú nylon náà, bí wọ́n tiẹ̀ pè é ní agbo jẹ̀díjẹ̀dí, ọtí ló wà nínú ẹ̀.

Èyí táwọn èèyàn ò mọ̀ ni oògùn ara ríro. Ìyá tí orúnkún ń dùn á ní kí wọ́n bá òun ra diclofenac tàbí ibuprofen ní kẹ́místì, á máa lò ó lójoojúmọ́ fún oṣù gbọọrọ. Àwọn oògùn yẹn ń gbé BP sókè, wọ́n sì ń ba kíndìnrín jẹ́, pàápàá lára ẹni tó ti ń lo oògùn BP. Ẹ kó gbogbo oògùn tó wà nílé sínú báàgì kan, ẹ gbé e lọ fún dókítà tàbí apoògùn, kó yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì sọ agbo tẹ́ ẹ ń mu fún un, ẹ má fi pa mọ́.

Ìgbésẹ̀ 8: kí Ràmàdáánì tó dé

Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru tó fẹ́ gbààwẹ̀, kó rí dókítà ní bí oṣù kan sí méjì ṣáájú, wọ́n lè yí àsìkò àti ìwọ̀n oògùn ẹ̀ padà. Ẹni tó ń gún insulin tàbí tó ń lo glibenclamide, àwọn oògùn àtọ̀gbẹ tó ń fa ṣúgà wálẹ̀, ṣúgà ẹ̀ lè já sílẹ̀ lọ́sàn-án. Yíyẹ ṣúgà wò lọ́sàn-án ṣe pàtàkì gan-an. Tó bá wálẹ̀ ju 70 lọ tàbí tó lé ní 300, àwọn dókítà ní kó ṣínu lójú ẹsẹ̀, Ọlọ́run kúkú ti yọ̀ǹda fún aláìsàn. Níbi ìṣínu, dàbínù kan sí mẹ́ta àti omi, kókó tí ò ní ṣúgà, mọ́ínmọ́ín dípò àkàrà tó kún fún òróró, ẹ má mu mínírà. Sààrì, ẹ má fò ó, ẹ̀wà ni kẹ́ ẹ fi ṣe é.

Ìgbésẹ̀ 9: lẹ́yìn oṣù mẹ́ta

Ẹ gbé ìwé yẹn jáde, kí gbogbo ilé tún wọ̀n ọ́n, okùn ikùn náà, ẹ tún fi yí ikùn ká. Ẹni tí nọ́ńbà ẹ̀ bá sọ̀kalẹ̀ tó sì ń lo oògùn, kó má dá a dúró fúnra ẹ̀, dókítà ló máa sọ bóyá kó dín in. Ẹni tí tiẹ̀ ò bá sọ̀kalẹ̀, kì í ṣe pé kò gbìyànjú, ti ẹlòmíì gba oògùn kún un, kó lọ gbà á lásìkò.

Kẹ́ ẹ sì kọ èyí sẹ́yìn ìwé náà kí gbogbo èèyàn lè rí i: tí ẹnu ẹnì kan bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lójijì, tí apá kan ò gbé sókè mọ́, tàbí tí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ bá ń lọ́, ẹ má wá agbo, ẹ má fún un lóúnjẹ tàbí omi, ẹ wo aago kẹ́ ẹ mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ sí UITH, ọ̀sibítù Yunifásítì Ìlọrin, tàbí General Hospital ní wéré, kẹ́ ẹ sì sọ aago yẹn fún wọn.